Ọmọ Tí Kì Í Lọ sí Ilé-Ìwé

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni Akọ̀wé fi ìka kan gbé etí kọ́tìnnì sókè, ó yọjú wo òdìkejì títì, ó sì rí wọn níbi tó ti ń rí wọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n, nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá wọn tó ń rán aṣọ sí àga. Èyí ẹ̀gbọ́n, tí kò ní ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, fi téèpù kọ́ ọrùn, ó na aṣọ aláwọ̀ ewé kan sórí tábìlì gígùn, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà sí i. Èyí àbúrò, tó tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, gun orí àpótí, ó di etí aṣọ náà mú. Kò sí yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn ẹnìkankan nínú wọn. Kò sí báàgì ìwé nítòsí wọn.

"Wọn ò tún lọ lónìí," Akọ̀wé sọ fún ara rẹ̀.

Ó fa ìwé kékeré kan yọ lábẹ́ ìwé ìṣirò tó yẹ kó máa kà, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Àwọn méjèèjì wà nílé. Wọ́n ń wọn aṣọ. Kò sí.

"Kò sí" tó kọ yẹn ni ẹ fi máa mọ irú ẹni tó jẹ́. Ọdún kẹta rèé tí rẹ́jísítà kíláàsì wọn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń pe orúkọ láràárọ̀, òun ló sì ń fi bíírò pupa kọ "kò sí" síwájú orúkọ ẹni tí kò bá wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Akọ̀wé, orúkọ náà sì wù ú ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Kò sí irọ́ tí ọmọ ilé-ìwé lè pa nítorí pé kò wá tí etí rẹ̀ ò tíì gbọ́. Ó mọ ẹni tí ibà dè mọ́lẹ̀ ní tòótọ́, ó sì mọ ẹni tó ní ibà dè òun, ṣùgbọ́n tí wọ́n rí níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò bá ti sí ní kíláàsì ní nǹkan tó ń fi pamọ́, ó parí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ilé-ìwé fún àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá láti fi jókòó sílé múra ìdánwò. Ìyá Akọ̀wé, tó ń ṣe búrẹ́dì, kì í dé títí di ọ̀sán. Ó wá ku Akọ̀wé àti ìwé rẹ̀ àti fèrèsé òkè yẹn. Ká má parọ́, fèrèsé ló ń gbà jù nínú àkókò rẹ̀.

Oṣù kan ààbọ̀ sẹ́yìn ni ìyá àwọn ọmọbìnrin méjèèjì náà kó dé sí òdìkejì títì. Gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní Ìyá Onítìmùtìmù kó tó lo ọ̀sẹ̀ kan. Obìnrin gíga ni, ó máa ń wo èèyàn látòkè gíláàsì ojú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ara fu Akọ̀wé sí i láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Kí ló dé tí ọmọ rẹ̀ méjèèjì fi ń wà nílé nígbà tí gbogbo ọmọ títì ń lọ sí ilé-ìwé? Kí ló dé tí wọ́n máa ń wọ yàrá ẹ̀yìn ní aago méjì ọ̀sán gééré, tí ohùn ìyá á wá máa lọ sókè sódò títí dé òdìkejì títì? Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀: Aago méjì. Ìyá ń bá wọn wí lórí ìdá mẹ́ta àti ìdá mẹ́rin. Èyí kékeré ń sunkún pé kò yé òun. Ó kọ ọ́ tán, ó fa ilà méjì sábẹ́ "sunkún".

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé yẹn kan náà, àyè yọ fún un. Ìyá rẹ̀ ti ní kó gbé àga kan tí fóòmù rẹ̀ ti jò wálẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Onítìmùtìmù. Akọ̀wé gbé àga lérí, ó sọdá títì. Ṣọ́ọ̀bù ṣí sílẹ̀ gbayawu. Èyí ẹ̀gbọ́n nìkan ló bá níbẹ̀, èyí tí òun ti ń pè ní Onítéèpù nínú ọkàn rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"A dúpẹ́ o. Gbé e síbí, jẹ́ n wò ó." Onítéèpù yí àga náà síwá sẹ́yìn, ó tẹ fóòmù rẹ̀, ó fi téèpù wọ̀n ọ́n, kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀ kó tó mọ iye aṣọ tó máa gbà. Akọ̀wé ń wo ìka rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti gún un káàkiri.

"Ilé-ìwé wo lò ń lọ?"

"Mi ò lọ sí kankan. Màmá mi ló ń kọ́ wa nílé."

"Nílé? Ta ló wá ń pe orúkọ yín?"

Ẹ̀rín pa Onítéèpù. "Àwa méjì péré ni. Tí ọ̀kan ò bá wá, èkejì á mọ̀."

Akọ̀wé ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ rẹ́jísítà kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀. "O ò wá ní ọ̀rẹ́?"

"Mo ní. Lọ́jọ́ Sátidé a máa ń pàdé ní ilé ìkàwé, àwa bíi méje. Ṣé o fẹ́ wá?"

Akọ̀wé ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́. "Ìdánwò àṣekágbá ńkọ́? Ẹni tí kì í lọ sí ilé-ìwé ò lè ṣe ìyẹn."

"Mo máa ṣe é. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fúnra mi. Ìṣirò la máa fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án. Tí mo bá yege, mo máa lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán ilé. Ọdún méjì ni mo ti ń múra ẹ̀."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, kò kọsẹ̀ níbì kan. Bó ṣe sọ ọ́ wẹ́rẹ́ yẹn gan-an ló mú kí ara tún fu Akọ̀wé. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí wọ́n bá ń sọ òótọ́ máa ń kólòlò. Àwọn tó ti ṣètò irọ́ wọn láti ilé ni ọ̀rọ̀ máa ń yọ̀ lẹ́nu wọn báyìí.

Ìyá Onítìmùtìmù yọ láti yàrá ẹ̀yìn, ó wo àlejò náà látòkè gíláàsì. "Àga yín á ti ṣe tán ní Sátidé," ó ní. "Bá mi kí màmá ẹ." Ó padà sí yàrá ẹ̀yìn.

Akọ̀wé délé, ó rò ó, ó tún un rò. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ìyẹn ń bọ́ bàtà lọ́wọ́, ìyẹ̀fun ṣì wà nírun rẹ̀.

"Ṣé o ti bi ìyá wọn léèrè?"

"Màámi, ẹni tó ń ṣe ibi, ṣé á sọ?"

"Kí lo fi mọ̀ pé ibi ló ń ṣe? Ìwọ tí ìdánwò ẹ ku ọjọ́ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ilé onílé lò ń kà. Gbájú mọ́ ìwé ẹ, jọ̀ọ́."

Ìyá ò tíì wọ ilé ìdáná tán tí Rédíò fi dé. Ọ̀rẹ́ Akọ̀wé ni, wọ́n jọ wà ní kíláàsì, ìdí tí wọ́n sì fi ń pè é ní Rédíò ò nílò àlàyé. Ó jókòó sójú fèrèsé, ó ń wo ṣọ́ọ̀bù náà bí ẹni ń wo sinimá.

"Mo gbọ́ pé wọn kì í ṣe ọmọ ẹ̀," Rédíò bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni mo sọ ọ́. Wò ó, ìwọ náà rò ó. Ta ló máa bímọ, tí kò ní rán an lọ sí ilé-ìwé? Iṣẹ́ ló ń fi wọ́n ṣe. Kò dájú pé wọ́n mọ A mọ B. Ọmọ tí kò bá ti jókòó pẹ̀lú ẹgbẹ́ ẹ̀, kò lè gbọ́n, kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀."

"Ó bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa o."

"Wọ́n ti kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ nìyẹn. Akọ̀wé, ìwọ lo ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Àǹtí mi ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé. Kọ lẹ́tà, màá fún wọn. Àbí o fẹ́ kí wọ́n fi ìyà pa àwọn ọmọ yẹn tán lójú ẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ Akọ̀wé lára. Ẹ má rò pé ìkà ni. Àánú àwọn ọmọ náà ń ṣe é ní tòótọ́, ó sì tún ń wù ú kó jẹ́ pé òun lòun máa tú àṣírí. Méjèèjì dì mọ́ra wọn nínú rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà tó gún régé, kò fi orúkọ sí i. Ó ya ojú ìwé mẹ́fà nínú ìwé kékeré tó fi ń ṣọ́ wọn, ó so ó mọ́ ọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pa á dé, ó rántí ohun tí Onítéèpù sọ, ó sì fi gbólóhùn kan kún un nísàlẹ̀: Tí ẹ bá dé ibẹ̀, wọ́n á sọ fún yín pé èyí àgbà fẹ́ lọ ṣe ìdánwò. Irọ́ ni. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Ọjọ́ kejì ni lẹ́tà dé ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, wọn ò fi falẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, bí Akọ̀wé ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ tí wọ́n lọ̀ dáadáa, mọ́tò funfun kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin kan tó gbé fáìlì dání àti ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀. Akọ̀wé fara pamọ́ sẹ́yìn òpó ilé wọn.

Onítéèpù ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó mú rúlà àti bíírò méjì dání nínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, kò sì sí téèpù lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma," ó ń sọ, "mo ní ìdánwò ní aago mẹ́sàn-án."

"A ti gbọ́ pé ohun tẹ́ ẹ máa sọ nìyẹn," obìnrin oní-fáìlì dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká wọlé ná. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kúrò níbí títí a ó fi bá àwọn ọmọ méjèèjì sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan."

Inú Akọ̀wé kọ́kọ́ dùn. Òun ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń rìn lọ sí ilé-ìwé, rúlà àti bíírò inú ọ̀rá yẹn ò kúrò lójú rẹ̀. Kí lẹni tó ń purọ́ ìdánwò fẹ́ fi rúlà ṣe? Ó ní kóun má rò ó. Ó yára ẹsẹ̀.

Nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, wọ́n ti lẹ káàdì mọ́ tábìlì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà àti fọ́tò ẹni tó ni ín wà lára rẹ̀. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ fúnra wọn wà láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé. Akọ̀wé rí tábìlì tirẹ̀, ó jókòó, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Àga ibẹ̀ ṣófo. Ó wo káàdì orí tábìlì náà. Onítéèpù ló ń wò ó láti inú fọ́tò.

Ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, bóyá ẹni tó jọ ọ́ ni. Òun ni.

"Ẹ gbọ́," ni alábòójútó ìdánwò wí níwájú. Bàbá kan tó ti hewú ni, ohùn rẹ̀ ò ga. "Aago mẹ́sàn-án la máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, géètì máa tì mọ́ ọn, mi ò sì láṣẹ láti ṣí i. Tí ẹnìkan bá mọ ohun tó dá èyíkéyìí nínú àwọn tí kò tíì dé dúró, kó sọ fún mi nísinsìnyí, ká lè tẹ̀ wọ́n láago."

Ó ka nọ́ńbà mẹ́ta. Ìkejì ni ti tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Akọ̀wé.

Gbogbo ohun tó kù fún Akọ̀wé láti ṣe ò ju kó dìde lọ. Ó mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé ọmọ tó ni àga yẹn ń bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ níwájú àwọn tí òun ti kìlọ̀ fún pé kí wọ́n má dá a lóhùn. Tí ó bá dìde, gbogbo gbọ̀ngàn á gbọ́ pé òun ló kọ lẹ́tà. Ó bojú wẹ̀yìn. Rédíò, tó jókòó sí ìlà kẹta, ti rí fọ́tò náà, ó sì ń mi orí fún un díẹ̀díẹ̀ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n pín ìbéèrè. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Akọ̀wé ṣe ìbéèrè kìn-ín-ní. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Ó ní bóyá wọn ò ní pẹ́ jẹ́ kó lọ, bóyá ó ti wà lọ́nà. Ó ṣe ìkejì. Nígbà tó kọjá ogún ìṣẹ́jú, ó na ọwọ́ sókè. Alábòójútó wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kí lo fẹ́, ọmọ mi?"

Akọ̀wé la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀. "Bébà kan sí i, sà," ó ní.

Wọ́n fún un ní bébà. Kò nílò rẹ̀.

Ìgbà tó wá dìde ní tòótọ́, aago ara ògiri ti fi ìṣẹ́jú mẹ́rin kọjá aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Kò na ọwọ́, ó kàn dìde ni. "Sà, ẹni tó ni àga yìí wà nílé rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló dá a dúró. Èmi ni mo fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ wọ́n láago."

Alábòójútó wo aago, ó wo Akọ̀wé, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "Ìgbà wo lo mọ̀?" ó béèrè. Kò dúró gbọ́ èsì. "Jókòó. Ó ti kọjá."

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí mọ́tò funfun fi dé géètì. Láti ojú fèrèsé, Akọ̀wé rí obìnrin oní-fáìlì tó ń bẹ alábòójútó, tó tún ń fi ìwé hàn án. Ó rí Onítéèpù tó dúró sẹ́yìn irin géètì, tí òógùn ti mú aṣọ funfun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Géètì ò ṣí.

Nígbà tí ìdánwò parí, wọ́n ṣì wà lórí àtẹ̀gùn tó wà níta géètì. Ìyá Onítìmùtìmù àti ọmọ rẹ̀ kékeré, tí wọ́n jọ wọ mọ́tò náà wá, jókòó ti Onítéèpù. Akọ̀wé lọ síwájú wọn, ó kúnlẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo kọ èyí?" Obìnrin oní-fáìlì na ojú ìwé mẹ́fà náà sí i. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe Akọ̀wé nìkan ló ń bí i sí. "Ìsàlẹ̀ lẹ́tà ẹ ni mo kọ́kọ́ kà, níbi tí o ti ní ká má dá wọn lóhùn. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, màá sì sọ ọ́ fún ọ̀gá mi. Ìgbà tí wọ́n gbé ìwé tí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ fi fún wọn láṣẹ láti máa kàwé nílé jáde, tí àbúrò yìí mú ìwé látorí tábìlì tó sì kà á fún mi geere láìdúró, ni mo tó wá ka ohun tí o kọ. 'Èyí kékeré ń kàwé sókè. Wọ́n ń wọn aṣọ. Ìyá ń bá wọn wí lórí ìdá mẹ́ta àti ìdá mẹ́rin.' Ìwọ náà ń kọ́ ìṣirò. Kí lo rò pé ìdá mẹ́ta àti ìdá mẹ́rin jẹ́?"

"Mo rò pé aṣọ tí wọ́n fẹ́ gé ni, ma."

"Aṣọ ni," Ìyá Onítìmùtìmù ní. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Akọ̀wé máa gbọ́ ọ̀rọ̀ gígùn lẹ́nu rẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, àwọn ọgọ́rin nínú yàrá kan. Mo rí i pé aṣọ àga máa kọ́ àwọn tèmi dáadáa ju pátákó lọ, ni mo bá fi kọ́ wọn. Àwọn mìíràn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò sì bá wọn jà. Ilẹ̀kùn mi ò tì lọ́sàn-án rí. O wọlé, o bi ọmọ mi ní ìbéèrè, gbogbo ẹ̀ ló dáhùn. Kí lo tún ń wá?"

"Mi ò gbà á gbọ́ ni, ma."

"Ìdáhùn wo lò bá gbà gbọ́?"

Ojú ti Akọ̀wé.

Onítéèpù ò sunkún. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ìgbà wo lo rí fọ́tò mi?" ó béèrè.

"Kó tó di aago mẹ́sàn-án."

"O sì jókòó."

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," Onítéèpù ní, "níbi tí mo wà."

Akọ̀wé sọ ohun gbogbo fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì sì jọ lọ bẹ ìdílé náà. Wọ́n gba ẹ̀bẹ̀. Onítéèpù ṣe ìdánwò tó kù, ó yege gbogbo wọn, ṣùgbọ́n láìsí ìṣirò, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni láti yàwòrán ilé ò lè gbà á. Ó di ọdún tó ń bọ̀. Rédíò, ẹni tó mi orí, wá ń sọ kiri pé òun ti kìlọ̀ fún Akọ̀wé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, Akọ̀wé gba máàkì tó ga jù nínú ìṣirò ní gbogbo ilé-ìwé wọn. Wọ́n ní kó jáde síwájú kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó jáde, ó ń wolẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ gbọ́. Kì í ṣe pé ó ṣàánú ọmọdé ló ṣẹ̀. Ọmọ tí ìyà ń jẹ ń bẹ láyé, ó sì yẹ kéèyàn sọ̀rọ̀ lórí wọn. Ohun tó ṣẹ̀ ni pé ó ti dájọ́ kó tó béèrè, nígbà tó sì béèrè, kò gbọ́. Èyí tó tún burú jù ni pé nígbà tó mọ̀ pé òun ti ṣàṣìṣe, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣì lè ṣí géètì, ó ń dáàbò bo orúkọ ara rẹ̀. Ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tó bá ṣì wúlò fún ẹnìkan.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, láàárọ̀ ìdánwò ìṣirò, Akọ̀wé bá Onítéèpù rìn dé géètì. Aago mẹ́jọ ò tíì lù. Wọ́n dúró díẹ̀, Akọ̀wé ṣì di ọ̀rá rúlà Onítéèpù mú.

"Ṣé o ti dárí jì mí?" Akọ̀wé béèrè níkẹyìn.

"Ó ti pẹ́," Onítéèpù dá a lóhùn, kò sì sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. "Mo ti dárí jì ẹ́. Ọdún yẹn ni mi ò rí gbà padà."

Ó gba ọ̀rá rúlà rẹ̀ lọ́wọ́ Akọ̀wé, ó sì wọlé.